Bí A Ṣe Ń Fi Iná Gba Òróró Lára Èèpo Ọsàn

Èèpo tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn ọlọ́sàn ń bó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ kì í ṣe ìdọ̀tí lásán. Inú rẹ̀ ni òróró wà. Ẹ fún un pọ̀ nítòsí iná àbẹ́là, ẹ ó rí i bí iná ṣe máa ta pàrà. Ẹ má kó apá funfun inú ọsàn mọ́ ọn.

Èèpo tí wọ́n bó lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbà, torí bó ṣe ń gbẹ ni òróró rẹ̀ ń lọ. Ẹ ṣàn án, kí ẹ gé e wẹ́wẹ́. Ẹ gbé òkúta pẹrẹsẹ sáàárín ìkòkò ńlá, ẹ da èèpo yí i ká, kí ẹ bu omi tó máa bo èèpo ṣùgbọ́n tí kò ní mu òkúta. Abọ́ tánganran kékeré ni ẹ ó gbé lé òkúta náà. Ẹ wá yí ìdérí sódì dé e, kí ọwọ́ ìdérí kọjú sínú abọ́, kí ẹ sì kó yìnyín sórí rẹ̀.

Yìnyín yìí ni gbogbo iṣẹ́ dúró lé. Òróró ọsàn nìkan kì í hó títí ooru á fi tó nǹkan bí 176°C, ṣùgbọ́n bí omi bá ń hó, oru omi á gbé e gòkè kó tó pé 100°C. Tó bá kan ìdérí tútù, á máa kán sínú abọ́, bí ògógóró ṣe ń kán nínú páìpù tó gba inú omi tútù kọjá.

Iná jẹ́jẹ́ ni, fún wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀. Bí yìnyín bá yọ́, ẹ bu omi rẹ̀ kúrò, kí ẹ kó òmíràn sí i. Ẹ má jẹ́ kí omi ìsàlẹ̀ gbẹ, bí èèpo bá jó, òórùn rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Òróró yìí máa ń gbiná o! Ẹ pa iná pátápátá kí ẹ tó ṣí ìkòkò.

Ẹ da ohun tó wà nínú abọ́ sínú ìgò ẹlẹ́nu tóóró di ọjọ́ kejì. Òróró á léfòó. Ẹ fi sírínjì fà á. Kò pọ̀: kílò èèpo kan lè má ju ṣíbí tíì kan sí méjì lọ. Ó máa ń ṣí gọ́ọ̀mù ara ìgò àti ọ̀rá ara sítóòfù. Lójú tèmi, omi olóòórùn dídùn tó kù nísàlẹ̀ ìgò ni èrè tó pọ̀ jù, ẹ fi nu ilẹ̀ ilé.

Inú ìgò dígí ni kí ẹ tọ́jú òróró náà sí, torí ó ń jẹ fóòmù àti àwọn ike kan. Kì í ṣe mímu, kì í sì ṣe ìpara; èyí tó bá ti pẹ́ lè mú kí ara yún. Ẹ kọ orúkọ sára ìgò, kí ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ní tó.