Àgbàdo Kọ̀, Kò Hù: Bí Mo Ṣe Fi Ohun Tó Wà Nílé Pọntí

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé n'Íbàdàn pè mí lóṣù Keje pé òun ń bọ̀ wá wo ọdún Ọ̀ṣun l'Óṣogbo. Ó ní òun ò fẹ́ bíà inú ìgò o, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ọtí àgbàdo, ni kí n fi pàdé òun. Mo ní kò burú. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Owó ọwọ́ mi lọ́jọ́ yẹn kò tó gbé lọ sí ọjà Ìgbónà, òjò ò sì jẹ́ kéèyàn jáde. Ni mo bá wọ ilé ìdáná, mo ń ṣí ike wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo rí ọkà bàbà kóńgò kan, nǹkan bíi kílò kan àbọ̀, tí ìyàwó mi rà fún ògì ọmọ. Mo rí àgbàdo funfun bíi kílò kan nísàlẹ̀ àpò, ó ti wà níbẹ̀ láti èṣín. Yíìsì tí a fi dín pọ́fùpọ́fù ṣẹ́kù ìdajì pákẹ́ẹ̀tì. Orógbó mẹ́ta láti ibi ìsọmọlórúkọ, atalẹ̀ tó ti ń gbẹ, ṣúgà díẹ̀. Ó parí.

Mo wá ṣe bí ẹni tó pe ọ̀wẹ̀, mo ń pín iṣẹ́ fún wọn. Ta ni yóò mú adùn wá? Ta ni yóò mú ìkorò wá? Ta ni yóò mú kó hó? Ìkorò àti híhó kò le, orógbó àti yíìsì wà níbẹ̀. Adùn ni ẹjọ́. Ọkà lásán kì í dùn, sítáàṣì ló kún inú rẹ̀. Ìgbà tó bá ń hù ló máa ń ṣe èròjà tó ń sọ sítáàṣì di ṣúgà, kí èhù rẹ̀ lè rí nǹkan jẹ. Àwa apọntí kàn ń jí oúnjẹ èhù ni. Nítorí náà, ọkà tí kò bá lè hù kò lè dá di ọtí.

Kí n má baà fi gbogbo rẹ̀ ṣòfò, mo ka 20 hóró bàbà àti 20 hóró àgbàdo sórí aṣọ tútù, mo fi àwo dé wọn. Lọ́jọ́ kẹta, 18 nínú bàbà ti yọ èhù funfun bí ẹnu abẹ́rẹ́. Nínú àgbàdo, márùn-ún péré. Mo fi ọ̀bẹ la ọ̀kan nínú àwọn tó kọ̀. Kòkòrò ti jẹ ojú rẹ̀ tán, ó ku ihò róbótó kan àti ìyẹ̀fun díẹ̀ nídìí. Ara rẹ̀ tó kù funfun nini, kò sí nǹkan tó ṣe é.

Màmá mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà, wọ́n ń bá wa tọ́jú ọmọ. Ìyá tiwọn pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tà láyé ọjọ́un. Wọ́n wo àwo náà, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Àyìnlá, àgbàdo kọ̀, kò hù. Bàbà lo fẹ́ fi pọn ọ́n, o tún ń pè é ní ṣẹ̀kẹ̀tẹ́? Ọtí ọkà nìyẹn."

"Màmá, àgbàdo náà á wà níbẹ̀ o."

"Òkú àgbàdo?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Àmọ́ òkú àgbàdo ṣì ní sítáàṣì. Bàbà tó bá hù dáadáa máa ń ní èròjà yẹn ju èyí tó máa ná lórí ara rẹ̀ lọ, ó lè bá ẹlòmíì ṣiṣẹ́. Níbẹ̀ ni mo ti rí ìlànà mi: àgbàdo á di ẹ̀kọ, bàbà á sọ ẹ̀kọ náà di omi dídùn.

Mo rẹ bàbà ní alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, mo pààrọ̀ omi rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo gbọ́n ọn ní alẹ́ Àbámẹ́ta. Mo tẹ́ ẹ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo fi àpò ìdọ̀họ tútù bò ó. Láàárọ̀ lálẹ́ ni mò ń wọ́n omi sí i, tí mo sì ń fọwọ́ rú u, torí inú rẹ̀ máa ń gbóná bí ẹni tí ibà mú, bí wọ́n bá sì so mọ́ra wọn, bíbu ló kàn. Ó di ọjọ́ kẹrin kí èhù tó gùn dé ibi tí mo fẹ́.

Sísá a ló fẹ́ pa mí. Mo tẹ́ ẹ sórí sìmẹ́ńtì ẹ̀yìnkùlé, adìẹ aládùúgbò gba iwájú, òjò gba ẹ̀yìn. Mo kó o wọ pálọ̀, mo tan fáànù sí i, wọ́n mú iná lọ. Ìyàwó mi ní kí n yan án nínú agbada. Mo kọ̀, torí iná tó bá le máa pa èròjà tí mo ń tìtorí rẹ̀ jìyà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko kó tó gbẹ háúháú.

Bó ti gbẹ, mo fọwọ́ ra á títí gbogbo gbòǹgbò àti èhù fi já kúrò, mo fẹ́ wọn dànù. Ẹ má fo ibí yìí o. Èhù bàbà ní májèlé tó ń di sáyánáìdì. Ìdí rèé tí darandaran tó mọṣẹ́ kì í jẹ́ kí màálù wọ oko bàbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Gbòǹgbò àti èhù ló pọ̀ sí jù, ẹ yọ wọ́n, kí ẹ sì rí i pé ọtí náà hó dáadáa lórí iná nígbà tó bá yá.

Mo gbé bàbà àti àgbàdo lọ sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀lùbọ́. Mo ní kó má kúnná, torí èyí tó bá kúnná máa ń dí asẹ́ pa.

Mo fi omi lítà mẹ́rin ro ìyẹ̀fun àgbàdo lórí iná fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, ó ki bí ẹ̀kọ tí wọ́n fẹ́ pọ́n sínú ewé. Bàbà kò gbọ́dọ̀ bá a nínú ooru yẹn. Ooru bíi 65 sí 70 lórí ìwọ̀n Celsius ló fẹ́, tó bá ti kọjá 75, èròjà rẹ̀ ń kú lọ nìyẹn. Tẹmómítà kan ṣoṣo tó wà nílé ni èyí tí a fi ń wọn ibà ọmọ, 42 ló sì parí sí. Mo bá fi ìṣirò ṣe é: ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná, tí mo fi omi lítà mẹ́rin ro, mo bu lítà méjì àbọ̀ omi tútù láti inú kẹ́ẹ̀gì sí i, kí n tó da ìyẹ̀fun bàbà sí i. Ìṣirò mi já sí nǹkan bíi 69. Mo rò ó pọ̀, mo dé e, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ìkòkò náà bí ọmọ tuntun.

Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú mo ṣí i wò. Orógùn tí mo fi tipátipá yí lẹ́ẹ̀kan ti ń yí fúnra rẹ̀. Ẹ̀kọ ti tú, ó ń ṣàn bí omi ògì tí ò dì. Mo fi ṣíbí bù ú tọ́ wò: ó dùn! N kò fi ṣúgà kankan sí i o. Mo pe Màmá wá. Wọ́n tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n lọ mú kọ́ọ̀bù.

Mo fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan àbọ̀, mo fi asẹ́ ògì sẹ́ ẹ, mo da omi gbígbóná lé èèrí rẹ̀ kí ó lè tú adùn tó kù sílẹ̀. Àwọn adìẹ ọjọ́sí ló jẹ èèrí náà, àwọn tó yẹ kó san gbèsè fún mi. Gbogbo omi rẹ̀ tó lítà mẹ́wàá. Ó hó lórí iná fún wákàtí kan. Mo rin orógbó méjì sí i, mo sọ atalẹ̀ sí i ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kẹ́yìn. Orógbó kì í ṣe àrà tèmi. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó báálì híhù, ọkà tí òyìnbó fi ń pọn bíà, wọ Nàìjíríà lọ́dún 1988, bàbà àti àgbàdo làwọn ilé ìpọntí ńlá sá tọ̀, àwọn olùwádìí náà sì ti dán orógbó àti ewúro wò dípò hops tí òyìnbó fi ń mú bíà korò.

Mo gbé ìkòkò sínú bàsíà omi títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo da yíìsì sí i, mo fi aṣọ funfun so ẹnu kẹ́ẹ̀gì. Ilẹ̀ balùwẹ̀ ló tutù jù nílé wa, ibẹ̀ ni mo gbé e sí, mo sì fi aṣọ tútù wé e, torí yíìsì tí ooru bá mú máa ń sáré jù, ọtí rẹ̀ a máa le lọ́fun. Nígbà tó máa fi di àárọ̀, ó ti ń hó yaya. Ọjọ́ kẹta, ó rọlẹ̀.

Ìgò ike ni mo rọ ọ́ sí, ìdajì ṣíbí tíì ṣúgà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgò ike dára torí èèyàn lè fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Bó bá ti le bí òkúta, ó ti tó gbé wọ fíríìjì. Mo gbé gbogbo rẹ̀ wọ fíríìjì lọ́jọ́ kejì, àfi ọ̀kan tí mo gbàgbé sójú fèrèsé. Lọ́jọ́ tí mo ṣí i, ọtí dé àjà. Títí dòní, àmì rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ìtọ́wò rẹ̀ kan díẹ̀, ó ta díẹ̀ nítorí atalẹ̀, ìkorò orógbó sì ń dúró lẹ́yìn ahọ́n pẹ́. Ọ̀kan ṣoṣo nínú orógbó náà ì bá ti tó. Kò lágbára tó bíà inú ìgò. Ọ̀rẹ́ mi mu mẹ́ta kó tó bèèrè orúkọ rẹ̀. Mo wo Màmá.

"Ọmọ àlè ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni," ni wọ́n dáhùn, wọ́n sì ń rọra da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì sínú ike kékeré kan. "Má da èyí nù, òun la máa fi pọn òmíì. Àyìnlá, ra àgbàdo tó lójú."