Àṣìṣe tó ń jẹ owó yín nídìí KPC àti ceftazidime-avibactam

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ lábù, owó tí mo rí tó ń ṣòfò lọ́dún yìí pọ̀ jù, ó sì ń dùn mí. KPC ni ènsáìmù tí àwọn bakitéríà kan fi ń ba oògùn tó yẹ kó pa wọ́n jẹ́; ceftazidime-avibactam sì ni oògùn méjì tí a so pọ̀ láti borí rẹ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ má po oògùn méjèèjì pọ̀ kẹ́ ẹ tó máa bu omi là wọ́n. Ceftazidime ló ń pa bakitéríà. Avibactam kàn ń di ènsáìmù bakitéríà náà lọ́wọ́ mú ni. Mílígíráàmù 4 nínú lítà kan ni avibactam gbọ́dọ̀ jẹ́ nínú gbogbo ihò àwo tí a fi ń dán oògùn wò. Ceftazidime nìkan ni à ń yí iye rẹ̀ padà.

Èkejì, ẹ yé dán an wò lára bakitéríà tó ní NDM, ènsáìmù mìíràn tó ń ba oògùn jẹ́. Zinc ni ènsáìmù yẹn fi ń ṣiṣẹ́, avibactam ò rí i mú.

Ẹ̀kẹta ló ń bí mi nínú jù. PCR (àyẹ̀wò tó ń wá jíìnì) bá sọ pé "KPC wà," ẹ ti palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́. Orúkọ ìdílé jíìnì náà ni PCR yẹn sọ fún yín, kò sọ amino acid (ẹyọ kékeré tí a fi kọ́ ènsáìmù) tó wà ní ipò 179. Ibẹ̀ gan-an sì lọ̀rọ̀ wà. Bí aspartate ibẹ̀ bá di tyrosine, ìkákò tí à ń pè ní omega loop ò ní dúró bó ṣe wà mọ́. Ceftazidime á há sínú ènsáìmù náà, avibactam ò sì ní lè dì í mú dáadáa. Báyìí ni KPC-2 ṣe ń di KPC-33, tí KPC-3 ń di KPC-31. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn yìí ní oṣù Kejì ọdún 2015. Nígbà tó fi di 2017, àwọn oníṣègùn ní Pittsburgh ti kọ ìròyìn aláìsàn mẹ́ta tí irú ìyípadà yìí yọ lára kòkòrò wọn lẹ́yìn tí wọ́n lo oògùn náà fún ọjọ́ 10 sí 19.

Ó ṣe èmi náà rí. Ceftazidime-avibactam ò ran Klebsiella (bakitéríà kan) tí mo ń tọ́ nínú rẹ̀ mọ́, meropenem, oògùn ìdílé carbapenem tí KPC máa ń bà jẹ́, sì tún wá ń pa á. Inú mi dùn, mo ní jíìnì KPC ti sọnù. Mo da gbogbo abọ́ ìbẹ̀rẹ̀ nù. Ìgbà tí mo gbé e sínú meropenem, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ló tún ń hù níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ, a sì ra oògùn méjèèjì lọ́tun. Ká ní mo ka jíìnì yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, owó tí ì bá lọ ì bá má tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó yẹn.

Nítorí náà, bí meropenem bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, ìgbà yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fura pé KPC ti yí padà, kì í ṣe pé ó sọnù. Àyẹ̀wò tó ń wo bóyá ènsáìmù ń ba carbapenem jẹ́ lè sọ pé kò sí nǹkan kan.

Ẹ má sì fi kólónì (òkìtì bakitéríà tó hù lójú kan) kan ṣoṣo ṣèdájọ́. Èyí tó yí padà àti èyí tí ò tíì yí padà lè jọ wà nínú abọ́ kan náà.

Kẹ́ ẹ tó da ohunkóhun nù, ẹ bù díẹ̀ sínú glycerol, ẹ gbé e sí fìríìsà tó wà ní −80 °C, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ sí i lára.