Bí A Ṣe Lè Fi Aṣọ Ṣe Atọ́nà Ọlidé Àwọn Ọmọ ní Ilẹ̀ Òkun

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti wọ ọlidé gígùn ní ìparí oṣù keje, ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Òkun, ẹ̀yà Yorùbá tó wà ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ì báà ṣe Owé, Ìjùmú, Yàgbà, Bùnú tàbí Ọ̀wọ́rọ̀, ni a máa ń kó àwọn ọmọ wálé láti Èkó, Ìbàdàn àti Àbújá. Àwa àgbà á máa ti òde ìnáwó kan bọ́ sí òmíràn, àwọn ọmọ á sì jókòó ti fóònù títí ọjọ́ ìpadà á fi pé. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì dùn mí wọra lọ́jọ́ tí ọmọ mi obìnrin sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òjò nìkan ni ó wà nílé wa. Láti ìgbà náà ni mo ti ń mú ohun kan ṣoṣo tí gbogbo ìrìn àjò wa yóò máa tẹ̀ lé, ohun náà sì ni aṣọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí àpótí ìyá àgbà. Ẹ ti pè wọ́n ṣáájú kí ẹ tó gbéra, kí wọ́n lè mọ ohun tí ẹ ń bọ̀ wá bèèrè, nítorí pé kì í ṣe gbogbo àpótí ni a ń ṣí lójijì. Nígbà tí ẹ bá dé, kí àwọn ọmọ kúnlẹ̀ tàbí kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n kí wọn ní “Òkun o”, ìkíni tí a fi sọ gbogbo wa lórúkọ, kí wọ́n tó bèèrè ta ni ó hun aṣọ kọ̀ọ̀kan, ta ni ó kọ́kọ́ ró o, àti ọjọ́ wo ni. Bí ìdílé yín bá ní ẹ̀ka ní Bùnú, ẹ bèèrè aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí a fi ń ṣe ẹ̀yẹ ìsìnkú àwọn ìjòyè, tí egúngún sì ń gbé wọ̀. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé àwọn ahunṣọ àtijọ́ a máa tú bùláńkẹ́ẹ̀tì pupa tí ó ti ilẹ̀ òyìnbó wá, kí wọ́n lè fi òwú rẹ̀ hun ún. Àwọn ọmọ mi kò yé sọ̀rọ̀ bùláńkẹ́ẹ̀tì yìí fún ọ̀sẹ̀ kan.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ya ọjọ́ méjì sọ́tọ̀ fún Ọ̀gìdì ní Ìjùmú, ìlú tí wọ́n bí Ìyáàfin Nike Okundaye sí ní 1951, tí wọ́n sì ti kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ lọ́dọ̀ àwọn ìyá wọn kí wọ́n tó di ẹni tí ó ní ilé iṣẹ́ ọnà ńlá ní Lẹ́kí. Wọ́n dá ibi ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ wá ẹni tí yóò bá yín sọ ọjọ́ ṣáájú. Oṣù kẹfà ni ọdún iṣu titun Ọ̀gìdì máa ń bọ́ sí, nítorí náà ẹni tí ó bá dúró de ọlidé kò ní bá a.

Ìmọ̀ràn tí mo fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí jù lọ ni pé kí ẹ má ṣe kó àwọn ọmọ yípo gbogbo ibi iṣẹ́. Ẹ fi ọmọ kan ti ahunṣọ kan fún gbogbo òwúrọ̀. Òfì tí àwọn ìyá wa ń lò máa ń dúró lóòró sára ògiri, òwú ìta a máa nà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìyá á sì jókòó síwájú rẹ̀ lórí ilẹ̀ tàbí lórí àpótí kékeré. Ó ń fi òwú ìdábùú kọjá, ó sì ń fi apasà, igi pẹlẹbẹ tí ó ti ń dán nítorí ọwọ́, gbá a mọ́lẹ̀ kí ó le. Ìyá kan fi apasà lé ọmọ mi lọ́wọ́. Ìlà mẹ́rin péré ni ó rí hun, ó wọ́, ìyá náà sì tú u lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀ láìbá a wí. Ọmọ náà kò bèèrè fóònù títí a fi jẹun ọ̀sán.

Bí ẹ bá rí àdìrẹ ẹlẹ́kọ, aṣọ aláró tí a fi ẹ̀kọ ya ọnà sí, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn ará Ẹ̀gbá àti Ìbàdàn ni ó ti gbajúmọ̀, pé híhun ni tiwa gan-an. Síbẹ̀ ẹ má ṣe gbójú kúrò lára ìkòkò aró: nígbà tí aṣọ bá jáde nínú rẹ̀, ó máa ń dà bí ewé tútù, afẹ́fẹ́ ni ó ń sọ ọ́ di aró lójú yín.

Ọjọ́ kan tó fún Lọ́kọ́ja. Láti orí òkè Patti ni ẹ ti lè fi ìpàdé odò Ọya àti Bẹ́núé han àwọn ọmọ, kí ẹ sì sọ pé ọ̀nà omi yìí ni ọ̀pọ̀ ọjà òyìnbó gbà dé àárín ilẹ̀ wa. Bí atọ́nà bá sọ pé orí òkè yẹn ni Flora Shaw, akọ̀ròyìn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń wo odò tí ó fi sọ Nàìjíríà lórúkọ, ẹ rọra tún un ṣe: inú ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ́nù ni ó kọ orúkọ náà sí ní oṣù kìíní 1897, ọdún márùn-ún kí ó tó fẹ́ Lugard, òyìnbó tí ó ṣàkóso Nàìjíríà. Ẹ lọ ṣáájú ìparí oṣù kẹjọ, nítorí pé ìgbà tí omi kún ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ni omíyalé 2012 àti ti 2022 ṣọṣẹ́ níbẹ̀.

Òwúrọ̀ ni kí ẹ máa rìn, kí oòrùn má ṣe wọ̀ bá yín lójú ọ̀nà. Ẹ bèèrè bí ọ̀nà ti rí lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ ní gáréèjì. Ẹ mú owó lọ́wọ́, oògùn ibà àti ọ̀rá tí òjò kò lè wọ̀. Bí egúngún bá jáde, ẹ bi onílé yín léèrè ibi tí obìnrin àti ọmọdé lè dúró sí, ẹ má sì ya fọ́tò kí ẹ tó gbàṣẹ.

Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ìpadà, ẹ ti gba iná sí fóònù, kí ẹ padà sọ́dọ̀ ìyá àgbà, kí ọmọ fúnra rẹ̀ di fóònù mú láti gba ohùn sílẹ̀, kí ìyá àgbà sì ka orúkọ aṣọ inú àpótí náà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ní èdè ìlú wọn gan-an.