Bí A Ṣe Ń Ka Ìwé Ìtàn Àlọ́ Kó Lè Dùn Délẹ̀

Ìwé ìtàn kéékèèké tí wọ́n fi àlọ́ hun tí mo kọ́kọ́ rà, ọjọ́ méjì ni mo fi kà á tán nídìí maṣíìnì mi. Nígbà tí ọmọ ọmọ mi ní kí n sọ ọ̀kan fóun, gbogbo rẹ̀ ti lọ́ pọ̀ lórí mi bí òwú: igi tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìtàn kan ti di ọkọ ọmọge inú òmíràn. Ó dùn mí gan-an. Bí mo ṣe ń kà á báyìí rèé.

Ìtàn kan ṣoṣo lálẹ́ kan, bó ti wù kó kúrú tó. Alẹ́ ni àwọn ìyá wa ń pàlọ́, lẹ́yìn oúnjẹ, tí ara ti silẹ̀. Kí n tó ṣí ìwé, a máa ń fi àlọ́ àpamọ̀ díẹ̀ lé oorun lọ. “Òkun ń hó yaya, ọ̀sà ń hó yaya, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́.” Èyí àbúrò nínú àwọn ọmọ ọmọ mi á pariwo pé, “Omorógùn!” Ẹni tó bá ti gbà pé omorógùn ń lúwẹ̀ẹ́ lókun kò ní bá ìtàn jiyàn pé ejò kì í gbéyàwó.

Ẹ kà á sókè. Bí orin bá wà níbẹ̀, ẹ má fò ó. Bí òǹkọ̀wé kò bá fi ohùn sí i, ẹ fún un lóhùn tiyín, kí àwọn tó kù gbè é. Nígbà tí Ìjàpá jẹ àsèjẹ ìyàwó rẹ̀, tí ikùn rẹ̀ wú, orin ló fi ń bẹ babaláwo. Ẹni tó fo orin náà kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rárá.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni wíwá àlọ́ àtijọ́ nínú ìtàn tuntun. Ìyá àgbà mi máa ń pàlọ́ ọmọge tó kọ gbogbo ọkọ, tó wá tẹ̀lé arẹwà kan lọ́jà. Ẹ̀yà ara tó yá ni arẹwà náà gbé wọ̀. Bí wọ́n ṣe ń lọ lọ́nà ló ń dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku agbárí nìkan. Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, fi í sínú ìwé tó jáde ní 1952, àmọ́ nínú tirẹ̀, ńṣe ni ọkùnrin náà ń sanwó ìháyà fún àwọn tó ni ẹ̀yà ara. Owó ti wọ inú àlọ́! Irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ ni mò ń wá, mo sì ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tí mò ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí. Nínú ìwé àlọ́ tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Grimm tẹ̀ ní Jámánì ní 1812, ayaba kan fẹ́ pa ọmọbìnrin tó ń jẹ́ Snow White, ìyá tó bí i gan-an sì ni. Nígbà tí wọ́n tún ìwé náà tẹ̀ ní 1819, ó ti di ìyàwó bàbá rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ bà mí lẹ́rù jù.

Bí ìtàn bá parí, mo máa ń sọ pé bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ròó. Ẹnu á sì ró pó, pó, pó. N kì í béèrè ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ tó fẹ́ sùn.

Lálẹ́ àná, èyí àbúrò bi mí pé ẹni tó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ háyà fún arẹwà yẹn, níbo ló jókòó sí títí wọ́n fi dá a padà? Mi ò rí èsì fún un. A máa tún un kà lálẹ́ òní.