Ìlú wo ní Jámánì? Bí a ṣe rí orísun baba ńlá tó di máníjà ibi ìwakùsà góòlù ní ìpínlẹ̀ Victoria, Ọsirélíà

Ìṣòro náà rèé: gbogbo ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ikú baba ńlá náà ní Ọsirélíà, «Germany» lásán ni wọ́n kọ síbi tí wọ́n bí i. Láìsí orúkọ abúlé, kò sí ìwé ìjọ téèyàn máa ṣí.

Ìwé èrò ọkọ̀ ojú omi tó gúnlẹ̀ sí Melbourne já sí pàbó, torí orúkọ bíi Müller lè di Mueller, kó tún di Miller. Ìwé èrò tó wọkọ̀ ní èbúté Hamburg ní Jámánì (1850 sí 1934) náà kọ́kọ́ já wa kulẹ̀: àwọn tó lọ tààrà nìkan la wò, bẹ́ẹ̀ ìwé àwọn tó gba Liverpool kọjá wà lọ́tọ̀.

Ìwé tí àjèjì fi ń di ọmọ ìlú ló ṣí ọ̀nà. Ti Victoria tó ṣáájú 1904 wà lọ́wọ́ National Archives of Australia, ibi tí ìjọba ń tọ́jú àwọn ìwé àtijọ́ sí. Ẹ lọ sí RecordSearch, ibi tí wọ́n ti ń wá ìwé wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ sì gbìyànjú gbogbo bí wọ́n ṣe lè kọ orúkọ náà. Ìwé ẹ̀bẹ̀ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kà; ibẹ̀ ni ìlú ìbí, ọjọ́ orí àti orúkọ ọkọ̀ sábà máa ń wà.

Kó má lọ jẹ́ ẹlòmíì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, ẹ wá orúkọ ibi ìwakùsà náà lórí Trove, ìkànnì tí àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ Ọsirélíà wà, kì í ṣe orúkọ ẹni náà nìkan. Àwọn ìwé ìròyìn máa ń tẹ ìjábọ̀ máníjà jáde.

Abúlé tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pọ̀ ní Jámánì, nítorí náà ẹ yẹ Meyers Gazetteer, àkójọ orúkọ àwọn ìlú àti abúlé Jámánì àtijọ́, wò kí ẹ tó sanwó fún Archion, ìkànnì tí ìwé àwọn ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì wà.

Ẹni tí kò tọrọ ìwé ọmọ ìlú kò ní fáìlì ní National Archives.