Bí mo ṣe wọn bátìrì fóònù màmá mi kí a tó náwó sí i

Ọlọ́jà òde òní kò lè ṣe kó má ní fóònù tó ń tàn. Oníbàárà á ní òun ti fi owó ránṣẹ́, ọlọ́jà náà á fẹ́ rí àlẹ́ẹ̀tì kó tó di ọjà fún un. Bí fóònù bá wá kú lákòókò yẹn, àríyànjiyàn dé nìyẹn. Màmá mi ń ta àǹkárá ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́. Fóònù Android tí wọ́n ń lò, tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5,000 mAh (ìwọ̀n iye iná tí bátìrì ń gbà) nígbà tó wà ní tuntun, ti wá ń kú kí oòrùn tó kan àtàrí. Ìgbà míì, ojú rẹ̀ á ṣì máa kọ 18% tàbí 20%, wọ́n á kàn rí i pé ó ti ṣú.

Ẹnjiníà kan lójú ọ̀nà Arákálẹ̀ gbé e yẹ̀ wò, ó ní bátìrì ti lọ, ká pààrọ̀ rẹ̀. Ẹlòmíràn ní ojú ibi tí ṣájà ń wọ̀ ló ní wàhálà. Àbúrò mi ní tirẹ̀ ní ká kúkú ra fóònù míì. Ọ̀nà mẹ́ta ni kí owó gbà jáde lápò wa, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó wọn nǹkan kan. Mo sọ fún ẹnjiníà àkọ́kọ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n lọ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa ná. Ẹ̀yin náà ni n ó padà wá bá." Ó ní kò burú.

Ojú ni mo kọ́kọ́ fi wò ó. Mo bọ́ páùṣì ara rẹ̀, mo dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì onídígí, mo wò ó bóyá ó ń mì. Mo yẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò yí ká bóyá ojú fóònù ti ń là kúrò lára ìdí. Bátìrì tó bá ti wú, afẹ́fẹ́ tó jáde láti inú kẹ́míkà rẹ̀ ló kún inú rẹ̀, kò sì sí ohun tí à ń wọ̀n mọ́ níbẹ̀. Kí ẹ má fi sórí iná, kí ẹ má tẹ̀ ẹ́, kí ẹ má fi nǹkan gún un, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n yọ. Ti màmá mi kò wú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tẹ nọ́ńbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń tọ́ka sí, *#*#4636#*#*, bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ pe ìpè. Lórí àwọn fóònù kan kò ní ṣí nǹkan kan; lórí òmíràn á ṣí, àmọ́ kò ní sí ọ̀rọ̀ bátìrì nínú rẹ̀. Ti màmá mi ṣí, ó sì kọ ọ́ gbàǹgbà síbẹ̀ pé ìlera bátìrì "Good."

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró bá mi wò, torí mo ti rí àwọn tó ń ta fóònù tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ṣe ẹ̀rí fún oníbàárà. Android kò fi "Good" yẹn sọ iye tí bátìrì ṣì ń gbà. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló wà tí fóònù lè kọ síbẹ̀: pé ó dára, pé ó ti gbóná jù, pé ó tutù jù, pé iná tó wọ̀ ọ́ pọ̀ jù, pé ó ti kú, tàbí pé nǹkan kan ṣe é tí kò yé òun. Bátìrì tó ti sọ ìdajì agbára rẹ̀ nù lè máa jẹ́ "Good" lọ títí, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti gbóná jù, tí kò sì tíì kú. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ yẹn ra fóònù, kò tíì mọ ohun tó rà.

Bátìrì àti kèrègbè kò yàtọ̀ níbi ọ̀rọ̀ yìí: ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tó ń gbà, kó máa ka iye ife tó ń bù sí i. Áàpù AccuBattery ni mo fi kà á. Orí Play Store ló wà, èyí tí kì í gba owó ni mo sì lò. Kò mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí bátìrì yín ṣáájú ọjọ́ tí ẹ gbé e sórí fóònù. Bí ẹ bá ti fi fóònù sórí iná, á máa ka iye mAh tó ń wọlé, á sì máa wo iye % tí ojú fóònù kọ pé bátìrì fi gòkè. Nínú méjèèjì ló ti ń ṣírò iye tí gbogbo bátìrì lè gbà.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo rí i dájú pé iye tó kọ fún bátìrì tuntun bá ohun tó wà lára páálí fóònù mu, torí áàpù lè méfò ní tirẹ̀. Àwọn fóònù kan tó ń yára gba iná ní bátìrì méjì nínú, áàpù sì lè ka ìdajì fún irú wọn. Bí ẹ bá rí 2,300 lórí fóònù 4,600, ẹ má tíì pariwo. Ohun kejì ni pé púpọ̀ nínú fóònù tí à ń lò níhìn-ín máa ń pa áàpù tó bá ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ kí iná lè pẹ́. Mo wọ Settings, mo wá AccuBattery nínú àwọn áàpù, mo gbà á láàyè kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bí ojú fóònù bá tilẹ̀ ṣú. Bí ẹ kò bá ṣe ìyẹn, ìṣirò á já láàárín.

Ọ̀rọ̀ iná ló wá kù. Nílé wa ní Òkè-Àró, iná lè dé kó sì tún lọ kí fóònù tó fi 10% gòkè, irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ kò sì ṣeé gbà gbọ́. Ojú fóònù kì í ka ìdá 1% sí wẹ́wẹ́, torí náà ó lè fi bí 1% ṣìnà. Lórí 10%, ìyẹn jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ìṣirò; lórí 75%, kò tó nǹkan. Mo gbé fóònù náà lọ sí ibi iṣẹ́ mi ní Alágbàká, níbi tí sólà àti inverter wà, kó lè gba iná láti ìsàlẹ̀ dé òkè láìdúró. Mo fi síìmù màmá sínú fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì kan fún wọn. Wọ́n ní, "Má jẹ́ kó pẹ́ o, orí WhatsApp ni àwọn oníbàárà mi ti ń yan aṣọ."

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan nínú àwọn ìwọ̀n náà hàn yín bó ṣe rí. Fóònù wà ní 14% nígbà tí mo fi í sórí iná, mo yọ ọ́ ní 89%. Ó gòkè pẹ̀lú 75% nìyẹn. Iná tó wọlé láàárín ìgbà yẹn jẹ́ 2,700 mAh. Bí a bá pín 2,700 sí ọ̀nà 75, 36 ló kan 1%. 36 lọ́nà ọgọ́rùn-ún jẹ́ 3,600. Bátìrì tó yẹ kó gba 5,000 ń gba 3,600, ìyẹn 72% agbára tó ní ní tuntun. N kò gba ìwọ̀n kan ṣoṣo gbọ́. Mo tún un ṣe títí àwọn nọ́ńbà náà fi ń pàdé níbì kan náà. Àwọn kan wà lókè 3,600 díẹ̀, àwọn kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, kò sí èyí tó sún mọ́ 4,000.

Áàpù yìí náà ló bá mi yanjú ọ̀rọ̀ ẹnjiníà kejì. Bó ṣe ń gba iná, ó ń fi hàn pé nǹkan bí 1,800 mA (ìwọ̀n bí iná ṣe ń yára wọlé) ló ń wọlé, kò sì fò sókè sódò. Ojú ibi tí ṣájà ń wọ̀ tó bá ní wàhálà kò ní dúró ṣinṣin bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo fi ọ̀kan nínú wáyà ilé wa dán an wò, iná tó ń wọlé já sí bíi 600. Wáyà yẹn kò sí nílé wa mọ́. Mo tún wọ ibi tí fóònù ti ń ka áàpù tó ń jẹ iná jù, kò sí èyí tó yọrí láàárín wọn. Ojú fóònù tó ń tàn ló jẹ púpọ̀ jù, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ìdí tó fi ń kú ní 18% náà yé mi. Bí bátìrì bá ti ń gbó, ìdènà inú rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń dí iná lọ́wọ́ àtijáde, á máa pọ̀ sí i. Bí fóònù bá béèrè iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí màmá bá tan iná kámẹ́rà láti ya àwòrán aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù tó ṣókùnkùn, fólítéèjì, agbára tó ń ti iná jáde, á já wálẹ̀ lójijì, fóònù á sì pa ara rẹ̀. Ó ṣì ní iná nínú, àmọ́ kò lè gbé e jáde kíákíá mọ́.

Lithium ló ń ṣiṣẹ́ nínú bátìrì fóònù wa, irú èyí tí Sony kọ́kọ́ gbé jáde sọ́jà ní 1991. Bí a bá fi í sórí iná, lithium á ṣí lọ sí apá tó jẹ́ graphite, irú ohun dúdú tó wà nínú pẹ́ńsù. Bí a bá ń lò ó, á ṣí padà. Bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ ń há sínú èèpo tín-ín-rín kan tó ń hù lára graphite yẹn, kò sì ní padà mọ́. Ooru ló ń mú kí èèpo náà yára nípọn. Èyí ni mo fi bẹ màmá wò ní ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí wọ́n ń fi páwà báǹkì gba iná sí fóònù, tí wọ́n gbé e ka orí àǹkárá pẹ̀lú páùṣì lára, lábẹ́ páànù tó ń ta yẹ́ẹ́. Áàpù kọ 43°C. Apple kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tó ń lo fóònù wọn pé ibi tí ooru rẹ̀ bá ju 35°C lọ lè ba agbára bátìrì jẹ́ pátápátá, ọ̀sán oṣù Kejì àti Ìkẹta ní Àkúrẹ́ sì ń sún mọ́ iye yẹn kí fóònù tó fi ooru tirẹ̀ kún un. A bọ́ páùṣì náà, a gbé fóònù ka orí pákó níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ooru náà sì lọ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Mo wá padà sí Arákálẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà lọ́wọ́. Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n ẹnjiníà sọ, bátìrì ni. Ó gbé méjì síwájú mi. Wọ́n kọ 6,500 mAh sára ọ̀kan, ó sì tóbi bákan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú èyí tí wọ́n yọ. N kò mú un. Bátìrì tí kò fẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, tí kò nípọn jù ú lọ, n kò rí ibi tó fẹ́ fi 1,500 mìíràn pa mọ́ sí. Mo mú èyí tí nọ́ńbà àti kóòdù ara rẹ̀ bá ti fóònù mu. Mo sọ fún un pé n ó wọ̀n ọ́n nílé, bí kò bá tó, n ó dá a padà. Ó gbà. Ìṣirò rẹ̀ já sí nǹkan bí 4,850, ìyẹn sì tó fún mi, torí iye tó wà lára páálí jẹ́ iye tí ọ̀pọ̀ wọn ń ní. Àwọn tó ń ṣe fóònù máa ń kọ iye kan tó dín díẹ̀ sí i pẹ̀lú. Bátìrì àtijọ́ wà lọ́wọ́ ẹnjiníà. Kí ẹnikẹ́ni má jù ú sórí ààtàn tí wọ́n ń dáná sun.

Lẹ́yìn èyí ni àbúrò mi fẹ́ ra iPhone tòkunbọ̀, ó sì ní kí n tẹ̀ lé òun. Ti iPhone rọrùn ju ti Android lọ. Ní oṣù Kejìlá 2017, Apple gbà pé àwọn ń dín eré àwọn fóònù tí bátìrì wọn ti gbó kù kí wọ́n má bàa pa ara wọn lójijì, àrùn fóònù màmá mi gan-an. Ìbínú àwọn èèyàn pọ̀. Wọ́n dín owó pípààrọ̀ bátìrì kù láti dọ́là 79 sí 29 fún ọdún 2018, wọ́n sì fi Battery Health, ibi tí fóònù ti ń kọ ìdá agbára tí bátìrì ṣì ní, sínú iOS 11.3, ètò tó ń darí iPhone, ní oṣù Kẹta ọdún náà. Òun ni àwọn ọlọ́jà wa ń pè ní BH.

iPhone 12 méjì ni ọlọ́jà náà gbé kalẹ̀. BH ọ̀kan jẹ́ 86%. Ó ní 100% ni ti èkejì, pé bátìrì tuntun ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i, ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi ga jù. Mo wọ Settings, mo ṣí General, lẹ́yìn náà About. Lórí èyí tó wọ́n, Parts and Service History, ibi tí fóònù ti ń kọ àwọn ẹ̀yà tí wọ́n ti pààrọ̀, wà níbẹ̀, iwájú Battery sì kọ Unknown Part, ìyẹn ẹ̀yà tí kò dá mọ̀. Ẹnu ọlọ́jà nìkan ni 100% yẹn ti jáde. Fóònù fúnra rẹ̀ kò dá bátìrì náà mọ̀. Bátìrì náà lè dára, àmọ́ kò sí ohun tí a lè fi wọ̀n ọ́n níbẹ̀. Apple ṣe bátìrì iPhone 14 àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kó lè ṣì ní 80% lẹ́yìn tí èèyàn bá ti lo iye iná tó kún un nígbà 500. Láti iPhone 15, ìgbà 1,000 ni. Èyí tó wà ní 86% ṣì ní ibi tó ń lọ. Òun ni a san owó rẹ̀.