Bí a ṣe ń pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tí ọwọ́ kò fẹ́ẹ́ tó

Nínú àwọn iṣẹ́ tí àwọn onímọ́tò ń gbé wá bá wa ní Òṣogbo, ìpààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì Toyota Sienna wà lára àwọn tí owó iṣẹ́ rẹ̀ máa ń fa àríyànjiyàn. Ẹni tó ni ọkọ̀ á wo sẹ́ńsọ̀ náà, á rí i pé kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtàǹpàkò lọ, á sì béèrè ohun tó dé tí a fi ń dárúkọ owó iṣẹ́ odindi ọjọ́ kan. Yíyọ sẹ́ńsọ̀ kọ́ ni iṣẹ́ náà. Ọ̀nà tí ọwọ́ yóò gbà dé ibẹ̀, àti ìpẹtà tó ti so ó mọ́ irin láti ọdún pípẹ́, ni iṣẹ́. Ẹni tó bá ní sùúrù lè ṣe é fúnra rẹ̀ nínú àgbàlá rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí a mọ èyí tó bàjẹ́ gan-an. Sẹ́ńsọ̀ tó wà ṣáájú kátálísì, ìyẹn ohun tó ń fọ èéfín mọ́ lójú páìpù, ló ń wọn ọ́síjìn tó ṣẹ́kù nínú èéfín, kí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ lè mọ ìwọ̀n epo tí yóò fún ẹ́ńjìnnì. Èyí tó wà lẹ́yìn kátálísì ń ṣọ́ kátálísì náà bóyá ó ṣì ń ṣe ojúṣe rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì V6, oní-sílíńdà mẹ́fà, ní ẹ̀gbẹ́ méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní sẹ́ńsọ̀ tirẹ̀, ibẹ̀ ni àṣìṣe sì ti máa ń wọlé. Lórí Sienna, Highlander àti Camry V6, níbi tí wọ́n ti gbé ẹ́ńjìnnì dábùú, ẹ̀gbẹ́ kìíní ni èyí tó wà lápá wínsikírìnì, ẹ̀gbẹ́ kejì sì ni èyí tó kọjú sí rédíétọ̀. Bí ẹ̀rọ sikáànì tó ń ka àṣìṣe ọkọ̀ bá gbé kódù P0135 jáde, hítà sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, èyí tó ṣáájú kátálísì, ló ń fẹjọ́ sùn. P0155 ni ti iwájú. Mo ti rí ju ẹnì kan lọ tó pààrọ̀ ti iwájú nítorí pé òun ni ọwọ́ tó, tí iná ẹ́ńjìnnì sì ń tàn lọ bó ṣe ń tàn.

Hítà tí mo dárúkọ yìí yẹ fún àlàyé díẹ̀. Orí sẹ́ńsọ̀ kì í sọ ohun tó ṣeé gbà gbọ́ àfi bí ó bá gbóná tó nǹkan bí 300°C. Àwọn tí Bosch kọ́kọ́ gbé jáde ní Jámánì ní ọdún 1976 kò ní hítà; èéfín fúnra rẹ̀ ló ń mú wọn gbóná. Ti òde òní ní wáyà mẹ́rin, méjì nínú rẹ̀ jẹ́ ti hítà, hítà yìí ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ kú. Kí a yọ orí wáyà, kí a fi mítà wọn wáyà méjì tí àwọ̀ wọn bára mu. Bí mítà bá fi hàn pé wáyà hítà ti já nínú lọ́hùn-ún, ẹ̀rí ti pé. Kí a tún wo fíúùsì rẹ̀, nítorí fíúùsì tó jó lè mú kódù kan náà wá. Bí ó bá sì jẹ́ P0420, kódù tó ń sọ pé kátálísì kò ṣe ojúṣe rẹ̀, ni a rí lórí ọkọ̀ tí wọ́n ti gé kátálísì rẹ̀ tà, sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn kátálísì kò jẹ̀bi rárá. Òtítọ́ ló ń sọ, tuntun tí a bá sì rà yóò sọ ohun kan náà.

Nígbà tí a bá fẹ́ rà á, kí a gbé nọ́ńbà tó wà lára ti àtijọ́ tàbí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì dání. Èyí tó ṣáájú kátálísì lórí ọ̀pọ̀ Toyota kì í ṣe irú kan náà pẹ̀lú èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kódà bí ojú wọn bá jọra, a kò sì lè fi ọ̀kan dípò èkejì. Èmi kò fẹ́ràn àwọn tí wọ́n ti gé lára ọkọ̀ tokunbo, tí rewáyà yóò wá lẹ̀ mọ́ wáyà ọkọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ ń gba afẹ́fẹ́ mímọ́ láti inú wáyà rẹ̀ wọlé, òjé tí a bá yọ́ sí ojú ìsopọ̀ sì lè dí ọ̀nà afẹ́fẹ́ náà.

Ní ti irinṣẹ́, sípánà 22 mm ló bá ọ̀pọ̀ jù lọ mu. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí a là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wáyà lè gbà á kọjá ni wọ́n ń tà fún un, àwọn wẹ́dà wa sì máa ń fi ẹ̀rọ ìgérin la sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán fún ẹni tí kò bá rí i rà. Ṣùgbọ́n sọ́kẹ́ẹ̀tì tí a là máa ń yanu bí agbára bá pọ̀, á wá ba orí nọ́ọ̀tì jẹ́. Bí tuntun bá ti wà lọ́wọ́, tí a sì ti rí i pé orí wáyà rẹ̀ bá ti ọkọ̀ mu, gé wáyà àtijọ́ dànù, kí o fi sọ́kẹ́ẹ̀tì gígùn tí a kò là, tàbí sípánà olórùka, bọ orí rẹ̀. Ọgbọ́n yìí nìkan ti gbà mí lọ́wọ́ ìyà púpọ̀.

Ilẹ̀ pupa àgbàlá wa máa ń gbé jáàkì mì lẹ́yìn òjò, nítorí náà kí a fi pákó fífẹ̀ sábẹ́ jáàkì, kí a sì gbé ọkọ̀ lé orí sítáǹdì kí a tó wọ abẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wà dé ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì: láti òkè, lẹ́yìn tí a bá ti tú wáípà àti àwo tó wà lábẹ́ rẹ̀, tàbí láti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá gígùn àti oríkèé tó ń yí. Mo máa ń gba òkè, nítorí mo fẹ́ fi ojú rí ohun tí mo ń tú.

Kí a fọ́n WD-40 sí ìdí rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ní òwúrọ̀, kí a tan ẹ́ńjìnnì ní ìta gbangba fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí a pa á, kí a yọ orí bátìrì, kí a wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ, kí a sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí irin ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí ó bá yí díẹ̀ tó sì tún le, dá a padà, fọ́n epo sí i, kí o tún yí i. Ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ iṣẹ́ mi kígbe lábẹ́ ọkọ̀ pé, “Ọ̀gá, ó ti ń bọ̀ o!” Mo ní kó má dúró. Ó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, inú wa sì dùn, àfi ìgbà tó jáde tí téréèdì mánífóòdù, irin tí èéfín ń gbà jáde lára ẹ́ńjìnnì, wé mọ́ ọn lára bí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́. Àwa la san owó títún téréèdì gbẹ́. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, tápù (irin tí a fi ń gbẹ́ téréèdì) M18 × 1.5 ló bá ọ̀pọ̀ nínú wọn mu.

Tuntun kò gbọdọ̀ já bọ́ sílẹ̀, nítorí amọ̀ tó wà nínú rẹ̀ lè fọ́ láìhàn síta. Gírísì kọ́pà díẹ̀ yẹ ojú téréèdì, bí wọn kò bá tíì fi sí i láti ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kan orí tó ní ihò. Gọ́ọ̀mù gáskẹ́ẹ̀tì tí a máa ń fi sí gbogbo nǹkan lè ní sílíkónì tó ń pa sẹ́ńsọ̀. Kí a má fi í sí ibikíbi tí èéfín rẹ̀ lè gbà dé ibẹ̀. Kí a kọ́kọ́ lọ́ wáyà náà sí apá òsì ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún, kí ó lè tú ara rẹ̀ bí a bá ti ń yí sẹ́ńsọ̀ sí ọ̀tún. Ọwọ́ lásán ni kí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Bí ó bá kọ̀, ó ti wọ́ nìyẹn, kí a yọ ọ́ jáde. Lórí ọ̀pọ̀ Toyota, 44 Nm ni ìfúnpọ̀ tó tọ́. Kí a dá àwọn klíìpù wáyà padà sí ààyè wọn, nítorí wáyà tó bá fara kan páìpù èéfín yóò yọ́.

Lẹ́yìn tí a bá ti nu kódù, kí a wa ọkọ̀ náà lọ díẹ̀, bí àpẹẹrẹ láti Òkè-Fíà gba Ọláìyá dé Ògo-Olúwa kí a sì padà, kí a tún fi ẹ̀rọ sikáànì wò ó. Bí P0135 bá padà wá, kí a lọ yẹ fíúùsì àti wáyà wò kí a tó lọ bá ẹni tó ta sẹ́ńsọ̀ jà.